Ìlà Ebè Méje Lẹ́bàá Òpópónà Òrè

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 2019, àwa ẹgbẹ́ àáró kan ní Òdìgbó fi ìlà ebè méje sílẹ̀ ní igbó nínú oko kan tó wà lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀, ní àbáwọlé Òrè, kí ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sí Bìní lè fi ojú ara rẹ̀ rí àlàfo tí ogun òkè ọya dá sílẹ̀ láàárín wa. A ṣe é fún òjò mẹ́fà léra wọn, a kò fo ọdún kan. Nípasẹ̀ rẹ̀, ìdílé mẹ́ta gba ẹrù ọmọ wọn tó ti wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ka orúkọ mẹ́fà sókè ní gbangba. Opó kan sì mọ ibi tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí. Ohun tí a rí gbà nìyẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bí ìjà náà ṣe rí, mo ní kí n kọ́kọ́ sọ èyí, kí ẹ má baà rò pé ìtàn ìṣẹ́gun ni mo fẹ́ pa.

Olùkọ́ ni mí fún ọdún márùndínlógójì. Mo wà nínú ẹgbẹ́ olùkọ́ nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti ilé-ẹ̀kọ́ pa fún oṣù púpọ̀. Mo mọ bí a ṣe ń gbé pátákó, mo sì mọ bí a ṣe ń kọ ìwé ẹ̀hónú tí ọ̀gá kò ní lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìwé tí mo ti kà nípa ogun kún àpótí méjì nínú yàrá mi. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, obìnrin kan tí kò mọ̀wé ló kọ́ mi, ẹ̀kọ́ náà sì dé ọ̀dọ̀ mi pẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìlú ńlá lè má mọ àáró. Ẹni mẹ́wàá tàbí méjìlá yóò para pọ̀. Lónìí wọn yóò lọ sí oko tèmi, lọ́la wọn yóò lọ sí oko tìrẹ, títí yóò fi kárí. Bí a bá dé oko, olórí yóò fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, oníkálùkù yóò dúró sórí ìlà tirẹ̀, yóò sì máa kọ ebè lọ títí yóò fi kan ìpẹ̀kun. Nínú àáró tiwa, ìlànà kan wà tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Bí ara ẹnìkan kò bá dá, tàbí tí ó rìnrìn àjò, a kì í fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ fún un, kí ó má baà dé bá igbó. Òkú nìkan ni a kì í kọ ìlà fún. Ní ọdún tí ẹnìkan nínú wa bá kú, a ó kọ gbogbo oko tán, a ó fi ìlà tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú koríko lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ojú ọ̀nà wò ó yóò mọ̀ pé a ti dín kan.

Bàbá Jeremáyà ni olórí àáró wa. Jeremáyà ni àkọ́bí rẹ̀, ọmọ tó lè kọ igba ebè kí oòrùn tó mú. Ó wọṣẹ́ ológun, wọ́n gbé e lọ sí òkè ọya, ó sì kú síbẹ̀. Nígbà tí àáró kan oko bàbá rẹ̀ ní ọdún 2018, èyí tó wà lẹ́bàá òpópónà, a fi ìlà Jeremáyà sílẹ̀ ní àárín gbùngbùn oko. Bọ́ọ̀sì kan ń dẹ ẹsẹ̀ bọ̀ láti wọ Òrè jẹun. Kọ̀ǹdọ́ yọ orí síta, ó kígbe pé:

“Ẹ̀yin bàbá, onígbàjámọ̀ wo ló fá orí oko yín báyìí? Ó mà gbàgbé àárín o!”

Àwọn èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Jeremáyà na ẹ̀yìn rẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó sì dá a lóhùn bí ẹni ń dáhùn ìkíni:

“Kò gbàgbé. Ọmọ mi ló ni àárín yẹn. Ṣójà ni. Ogun ò jẹ́ kó padà wá kọ ọ́.”

Ẹ̀rín náà kú. Awakọ̀ dúró pátápátá. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó rìn dé etí ìlà náà, ó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sínú ọkọ̀, wọ́n sì lọ. Mo gbé ọkọ́ mi sílẹ̀. Gbogbo pátákó tí mo ti gbé láyé mi, n kò rí ọ̀kan rí tó pa èrò ọkọ̀ kan lẹ́nu mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí èrò náà ṣe wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Mo sọ fún Bàbá Jeremáyà pé kí ó yá wa ní ilẹ̀ náà, kí á fi ìlà kan sílẹ̀ fún ọmọ agbègbè wa kọ̀ọ̀kan tí ogun náà gbé lọ. Ó ronú fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó ní ó dára. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àgọ́ Aláyè. Mo dé Aráròmí-Obù ní ojú ọ̀nà tí ẹrẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa mì. Mo ń jókòó ti àwọn òbí, mo ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn láti lo orúkọ ọmọ wọn. Orúkọ méje ni mo kó jọ. Ìdílé mẹ́fà ni mo bá jókòó. Ìdílé keje, n kò bá wọn jókòó.

Akínṣẹ́yẹ ni orúkọ keje. Ìyá rẹ̀, opó tó ń fún epo pupa tó sì ń gbin ẹ̀gẹ́, ti lọ sí Òkìtìpupa fún ọjà nígbà tí mo dé ilé wọn. Mo lè padà lọ. N kò padà. Mo mọ ìtàn náà bí gbogbo Òdìgbó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ti pé ọdún méjì tí ìwé ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ pé lẹ́yìn ìjà kan, wọn kò rí Akínṣẹ́yẹ mọ́. Èmi fúnra mi ni mo ka ìwé náà fún ìyá rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo kọ ọ́ sára pátákó kékeré, gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ ti àwọn yòókù: “Akínṣẹ́yẹ, Òdìgbó. Ó bógun lọ.”

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kì í sọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ogun abẹ́lé dé Òrè. Títí dòní, àwọn èèyàn ń fi ìjà Òrè ṣe àpárá bí ohun kan bá le. Ẹni tó wà níbẹ̀ kì í bá wọn ṣe é. Bàbá mi kó wa sá gba ọ̀nà Aráròmí-Obù. A ti rìn dé ibi odò kékeré kan nígbà tí òjò ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi Adéwálé wo ojú ọ̀run, ó ní, “Bàbá, kòkó wà lórí ẹní. Bí òjò bá pa á, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ máa lọ, n ó kó o wọlé, n ó bá yín lọ́nà.” Bàbá wa gbà fún un. Ẹni tí kì í bá ṣe àgbẹ̀ kòkó yóò bi mí pé irú bàbá wo ni yóò gbà. Iṣẹ́ ọdún kan ló wà lórí ẹní yẹn, ìbọn sì dà bí ohun tó ṣì jìnnà.

Kò bá wa lọ́nà. Nígbà tí a padà sílé, kòkó wà nínú ilé, gbígbẹ, wọ́n ti fi ẹní bò ó dáadáa. Adéwálé ni kò sí.

Ọdún mọ́kànlá ni ìyá mi fi ń bu oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ fún un, tí ó ń fi àwo kan dé òmíràn. Mo dàgbà sínú ìró àwo méjì yẹn. Nígbà tí ìyá mi kú, mo sọ fún ara mi pé ìrètí ló pa á, kì í ṣe àìsàn. Mo sì pinnu pé bí mo bá láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ rí, n ó sọ òótọ́ fún ìyá ọlọ́mọ ní kùtùkùtù, kí ó lè sunkún tán kí ó sì máa bá ayé lọ. Ohun tí mo gbé lọ sí oko nìyẹn. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

A kọ oko náà tán ní Sátidé kan, ilẹ̀ pupa yípo ìlà igbó méje. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Àwọn kan ń bú wa pé a ń dí ọ̀nà. Àwọn kan ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń ka pátákó, wọ́n ń bi wá. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ìjọba ló rán òun gun alùpùpù dé. Ó kí wa dáadáa, kò wú fùkẹ̀. Ó ní:

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun.”

Mo ní, “Ọmọ mi, koríko ló ń dẹ́rù bà wọ́n?”

“Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń sọ, sà.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ ńkọ́? Ka pátákó kẹta yẹn fún mi.”

Ó kà á. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ àti òun jọ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Jeremáyà, ó gun alùpùpù rẹ̀, kò sì padà wá dí wa lọ́wọ́ mọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo gbéra ga.

Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Akínṣẹ́yẹ dé. Èrò bọ́ọ̀sì kan ló wà níwájú mi, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀, mo sì nawọ́ sí ìlà ọmọ rẹ̀. N kò rí i títí ó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ọkọ́ ní èjìká. Èdè Ìkálẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo tún un kọ báyìí kí gbogbo yín lè gbọ́ ọ.

“Tíṣà, ta ló fún yín lọ́mọ mi kí ẹ máa fi hàn kiri?”

Mo ní, “Ìyá Akin, ẹ jẹ́ kí á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.”

“N kò sún. Gbangba lẹ ti pa á, gbangba ni kí ẹ ti jí i. Kí ni ẹ kọ síbẹ̀ yẹn? Ẹ kà á fún mi bí ẹ ṣe ka ìwé àkọ́kọ́ fún mi.”

Mo kà á.

“Ó bógun lọ. Ṣé ohun tó wà nínú ìwé yẹn nìyẹn?”

“Ìwé ní wọn kò rí i mọ́. Ọdún méjì rèé, Ìyá Akin. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó.”

“Mo ti rò ó. Ewúrẹ́ mi tí n kò rí lánàá, ẹ̀yìnkùlé Bàbá Jeremáyà ni mo ti rí i lónìí, ó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀.” Àwọn èrò rẹ́rìn-ín díẹ̀, òun kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ ti ka ìwé púpọ̀, Tíṣà. Ọ̀kan nínú wọn ha sọ pé ẹni tí a kò rí ni ẹni tó kú?”

Mo bínú. Mo sọ ohun tí n bá fẹ́ gbà padà lónìí bí ó bá ṣeé gbà padà. Mo ní, “Ìrètí yìí ni yóò pa yín. Mo ti rí i rí.”

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Kí ó pa mí nígbà náà. Èmi ló fẹ́ pa, kì í ṣe ẹ̀yin.”

Ó fa pátákó náà tu, ó fi lélẹ̀, kò fọ́ ọ. Ó sì tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè lórí ìlà ọmọ rẹ̀.

Mo wo ojú Bàbá Jeremáyà kí ó dá a dúró, nítorí òun ni olórí. Ó mú ọkọ́ tirẹ̀, ó lọ dúró sí ọwọ́ òsì obìnrin náà, ó ń bá a kọ ọ́.

“Bàbá Jeremáyà, ẹ̀yin náà?”

Kò gbé ojú sókè. “Àwa la fi ìlànà lélẹ̀, Tíṣà. Ẹni tó wà lẹ́yìn odi, aládùúgbò ló ń kọ ìlà rẹ̀.” Ó kọ ebè méjì sí i kí ó tó parí ọ̀rọ̀. “Bí ó bá jẹ́ pé ‘a kò rí i’ ni wọ́n kọ sínú ìwé tèmi, ṣé ẹ rò pé mo lè fi ìlà Jeremáyà sílẹ̀ fún koríko?”

Láti ọjọ́ náà ni ó ti jẹ́ pé ìlà mẹ́fà ni a ń fi sílẹ̀, tí a sì ń kọ èkeje. Ní ọdún kejì, igbó ìlà mẹ́fà náà ga ju èèyàn lọ. Ní ọdún kẹta, igi ti ń hù nínú wọn. Ẹ̀gẹ́ Akínṣẹ́yẹ dúró láàárín wọn, ó tutù yọ̀yọ̀. Ó ń bí mi nínú, n kò ní purọ́, pé ìlà yẹn ni àwọn èrò ń kọ́kọ́ béèrè. “Ta ló ni ti àárín yìí?” Bí ìyá rẹ̀ bá wà níbẹ̀, òun ló ń dáhùn: “Ọmọ mi ni. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́.” Mo ti rí ọkùnrin alágbára tó gbọ́ ìdáhùn yẹn tó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí ẹ̀gẹ́ bá gbó, yóò wú u, yóò rẹ ẹ́ sómi, yóò mọ ọ́n rogodo, yóò yan án lórí iná bí a ti ń ṣe púpurú nílẹ̀ wa. Ti ìlà Akínṣẹ́yẹ kì í kan ọjà, ilé kì í sì í jẹ ẹ́. Ó ń kó o sínú àpò, ó ń gbé e sórí àtẹ òkè ààrò, níbi tí èéfín kò ti ní jẹ́ kó bàjẹ́. Kò mọ̀wé, nítorí náà kókó ni ó ń ta sí ọrùn àpò: kókó kan fún ọdún àkọ́kọ́, méjì fún ìkejì. Mo wọ ilé ìdáná rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí àpò mẹ́ta tó tò síbẹ̀. Mo gbọ́ ìró àwo méjì. N kò lè jókòó. Mo ní mo gbàgbé nǹkan kan sílé, mo sì lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó kó àpò karùn-ún sórí àtẹ, àìsàn sì dá a gúnlẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ Mọjísọ́lá, tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àgọ́ Aláyè, ló ń tọ́jú rẹ̀. Mo lọ kí wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ìyá náà ti fúyẹ́ lórí ẹní bí aṣọ tí a ká.

“Tíṣà, òjò rọ̀?”

“Ó rọ̀, Ìyá Akin. Ilẹ̀ ti rọ̀.”

“Ta ló ń kọ ìlà ọmọ mi?”

Bàbá Jeremáyà ti di ẹni tí ń fi ọ̀pá rìn. Kò sí ẹni tó ti débẹ̀. Èmi tí mo ti búra pé òótọ́ ni n ó máa sọ fún ìyá ọlọ́mọ, mo la ẹnu mi, mo ní, “A ti kọ ọ́ tán.”

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Ẹ kò mọ irọ́ pa, Tíṣà. Ẹ lọ kọ ọ́.”

Mo lọ láti ibẹ̀. N kò yà sílé ju pé kí n mú ọkọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí, ẹ̀yìn mi kò sì gba iṣẹ́ mọ́. Mo dúró sórí ìlà tí mo ti kọ orúkọ òkú sí, mo bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ kan fọn fèrè sí mi, ó ní, “Bàbá, ṣé kò sí ọmọ nílé ni?” Mo ti kọ ebè mọ́kànlá nígbà tí ọ̀kadà kan dúró, Mọjísọ́lá sì sọ̀kalẹ̀. Ó gba àárín ebè wá sọ́dọ̀ mi. Ó gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó sì ń kọ ọ́ lọ láti ibi tí mo dé. Nígbà tí mo rí bí èjìká rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti lọ. Mo jókòó sórí ebè kọkànlá, mo sì sunkún fún ẹni mẹ́ta: fún un, fún ìyá mi, àti fún ọmọ tó padà lọ kó kòkó wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yóò bi mí pé kí ni a jèrè. Mo ti sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, n kò ní bù mọ́ ọn. Ogun náà kò dúró nítorí ìlà mẹ́fà koríko. Àwọn ọmọ wa ṣì ń lọ. Ó kàn jẹ́ pé àwọn ìyá wọn ń béèrè ọ̀rọ̀ báyìí kí wọ́n tó gbà. Àwọn aláṣẹ ṣì jẹ ilé kan ní ìròyìn kan, bóyá ọmọ wọn wà, bóyá kò sí, ìwé tí a kọ sí wọn nípa rẹ̀ kò sì ní èsì títí dòní. Èmi náà jẹ gbèsè. Mo sọ obìnrin kan di ẹni tó ṣòfò ọmọ ní gbangba, n kò sì bẹ̀ ẹ́ ní gbangba kí ó tó kú. Bákan náà, ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí Adéwálé ti padà sẹ́yìn lọ́nà Aráròmí-Obù, n kò kọ ebè kan ṣoṣo fún un rí, n kò sì fi ìlà kan sílẹ̀ fún un. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò mọ èwo ni kí n ṣe.

Nígbà tí òjò ọdún yìí dé, mo pe Mọjísọ́lá wá sí oko, níṣojú Bàbá Jeremáyà àti àwọn ìdílé yòókù. Mo fa ìwé orúkọ lé e lọ́wọ́ àti ọkọ́ mi. Ó ti wú ẹ̀gẹ́ ìlà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tí èmi àti òun jọ kọ. Ó ti yan án, ó ti gbé e sórí àtẹ ìyá rẹ̀, ó sì ta kókó mẹ́fà sí ọrùn àpò náà. Ó mú pátákó titun kan dání tí kò ì tí ì ní ọ̀rọ̀ lórí.

“Bàbá, kí ni kí n kọ sí ti Bùrọ̀dá mi?”

Mo ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀.

“Lẹ́yìn orúkọ ńkọ́, sà?”

“Má kọ nǹkan kan.”

Ó kọ ọ́, ó rì í mọ́lẹ̀, ó dúró sórí ìlà náà, ó sì kọ ebè àkọ́kọ́. Sátidé ni, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin, ọdún 2025.